Bí Sòbìà Ṣe Kúrò ní Ilẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá àti ìyá yín àgbà, ẹ bi wọ́n léèrè pé, "Kí ni a ń pè ní sòbìà?" Kí ẹ sì wo ojú wọn dáadáa kí wọ́n tó dáhùn. Ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ká ṣòkòtò tàbí ìró sókè, yóò sì fi àpá kan hàn yín ní ọrùn ẹsẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì kúrò nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo bi àwọn ọmọ ìwé kẹfà ní ìbéèrè yìí. Ọ̀kan nínú wọn nàwọ́ sókè, ó ní irú aṣọ kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi í rẹ́rìn-ín, nítorí pé àwọn pẹ̀lú kò mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni ẹ̀rín pa, inú mi sì dùn ju bí mo ti lè sọ lọ. Nígbà tí èmi jẹ́ ọmọdé, kò sí ọmọ tí ó lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé kí sòbìà tó di egbò, Olúgáńbe ni à á ké sí. A ṣì ń pa òwe náà títí di òní, ṣùgbọ́n àrùn tí ó bí òwe ti kúrò láàrin wa, òwe nìkan ni ó kù. Bí ó ti kúrò, àti ohun tí ó jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Aràn ni sòbìà. Kì í ṣe aràn inú ìfun tí ẹ mọ̀. Abẹ́ awọ ni ó ń gbé. Abo rẹ̀ a máa gùn tó mítà kan, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Nínú adágún omi tí kò ṣàn, àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà tí ojú kò tètè rí. Bí àwọn kòkòrò wọ̀nyí bá ti gbé ọmọ sòbìà mì, tí ènìyàn sì mu omi náà, kòkòrò yóò kú sínú ikùn ẹni náà, ọmọ sòbìà yóò sì jáde kúrò lára rẹ̀, yóò wọ inú ẹran ara lọ, yóò máa dàgbà ní ìdákẹ́jẹ́. Kò ní dun ẹni náà rárá, kò sì ní mọ̀ pé òun gba àlejò. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ibì kan yóò léròrò, ní ẹsẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, yóò sì máa ta á bí iná. Kí ni ẹni tí iná ń jó yóò ṣe bí kò ṣe kí ó wá omi tútù? Bí ó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ adágún, èérò náà a bẹ́, aràn a yọ orí, a sì da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sínú omi. Àwọn kòkòrò inú omi a gbé wọn mì, nígbà tí ó bá sì tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí yóò ṣe aládùúgbò ní àmọ́dún ti wà nínú omi, ó ń dúró de igbá tí yóò pọn ọ́n. Ẹni tí ó ń wá ìtura fún ara rẹ̀ ni ó ń gbin ìrora sínú ìkòkò omi ìyá rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀, kò sì mọ̀.

Kò sí oògùn tí ń pa sòbìà nínú ara, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, títí di òní olónìí. Ẹni tí ó ṣe ní àná lè tún ṣe ní àmọ́dún, nítorí pé ara kì í kọ́ bí a ti ń lé e. Ohun kan ṣoṣo tí a lè ṣe ni kí a wé orí aràn náà mọ́ igi tín-ín-rín, kí a sì máa fà á jáde díẹ̀díẹ̀ ní ojoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tàbí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí a bá kánjú tí ó já, ẹsẹ̀ a wú, egbò a gbilẹ̀, ẹni náà a sì dùbúlẹ̀.

Ọmọ Ara ni mí, ní ìtòsí Ẹdẹ. Ní ọdún 1981, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ onípò kejì, a gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àbúlé tí n kò ní dárúkọ. Mo mú ìgbéraga mi lọ pẹ̀lú àpótí aṣọ mi. Mo ti pinnu pé ìwé kẹrin tí a fi lé mi lọ́wọ́ yóò jẹ́ àwòkọ́ṣe, àti pé kò ní sí ọ̀lẹ kan nínú rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù January ọdún tí ó tẹ̀lé e, tí ọ̀yẹ́ mú, tí odò gbẹ, ìdajì àwọn ìjókòó kíláàsì mi ṣófo. Mo rò pé àwọn òbí ni ó kó àwọn ọmọ lọ sí oko. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ohun tí rẹ́jísítà bá sọ ni mo gbà gbọ́.

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì náà, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó ti pa ọjọ́ mọ́kàndínlógún jẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó dé lẹ́yìn tí aago ti lù, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Mo ní kí ó na ọwọ́, mo sì fún un ní ẹgba mẹ́fà nítorí ìpẹ́lẹ́yìn, mo tún fún un ní mẹ́fà nítorí àwọn ọjọ́ tí kò wá. Kò sunkún. Nígbà tí mo ní kí ó yára lọ jókòó, ó gbìyànjú láti sáré, ó sì ṣubú. Ewé tí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tú, mo sì rí òwú funfun kan tí a wé mọ́ ìdá ọ̀wọ̀ kan. Òwú náà ti já.

Ní ọjọ́ kejì bàbá rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Òun náà ń tiro. Mo rò pé ó wá bá mi jà, mo sì ti ń pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó tó bàbá mi yìí dọ̀bálẹ̀ ní iwájú mi, ó ní kí n jọ̀wọ́ má bínú pé ọmọ òun pẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, a ti bú mi rí ní ayé yìí, kò sì sí èébú tí ó dùn mí tó ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Ọmọ náà kò padà wá mọ́ ní ọdún náà. Kí ọdún tó yí po, a ti gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ẹ rántí pé láti ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó ilé-ìwé ti kúrò lọ́rùn baba, a kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ dé ẹnu ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ kò gbé e dé ibẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera tí ó ṣe ìwádìí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ apá kan rẹ̀, rí i pé sòbìà wà lára ohun tí ó ń lé àwọn ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ jù lọ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì ń yọ jù ní agbègbè wa, nígbà tí omi fà tí gbogbo ìlú ń rọ́ lọ sí adágún kan ṣoṣo. Ìgbà náà gan-an ni a ń kọ ebè, tí a sì ń kọ́ ọmọ ní ìwé.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé ìjọba kò mọ nǹkan kan nípa ìmọ́tótó ṣáájú àkókò yìí ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1920 ni a ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Yábàá fún àwọn tí yóò máa bójú tó ìmọ́tótó ìlú, orúkọ Dókítà Isaac Ladipo Oluwole ni a sì ń dá mọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó láti 1924 sí 1930, Dókítà yìí wà lára àwọn tí ó dúró tì í. Ẹ̀rù àrùn náà ni ó sì mú kí ìjọba dá àjọ tí yóò tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928. Láti inú irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn wolé-wolé ti jáde, tí wọ́n sì tàn dé ìlú kéékèèké gbogbo.

Mo rántí wọn dáadáa. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ara, bí ẹnìkan bá pariwo pé, "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" ńṣe ni agbo ilé máa ń dàrú. Ìyá mi, tí ó ti jí ní àkùkọ àkọ́kọ́ lọ pọn omi, a da ìkòkò omi rẹ̀ nù pátá, èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára, nítorí tánwíìjí. Bí wolé-wolé bá rí tánwíìjí nínú ìkòkò, owó ìtanràn ni tàbí ilé ẹjọ́. Ọkùnrin náà a sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò kákí, a yọjú wo ìkòkò, a yọjú wo ẹ̀yìnkùlé, a béèrè ṣálángá, a kọ̀wé. Nígbà tí ó bá lọ tán, ìyá mi a gbé korobá, a tún padà sí odò.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn wolé-wolé. Bí kì í bá ṣe tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ì bá ti gbé lọ, àwọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú ṣálángá wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ilé. Ṣùgbọ́n wọn kò pa sòbìà. Inú ìkòkò ni wọ́n ń wò, inú adágún ni ọ̀tá wà. Èyí tí ó burú jù ni pé wọn kì í sọ ìdí. Ìyá mi da omi nù fún ọdún púpọ̀, ó sì kú láìmọ̀ pé tánwíìjí ni í di ẹ̀fọn. Ohun tí ó mọ̀ ni pé òyìnbó kò fẹ́ kòkòrò náà. Ẹni tí ó ń fi ìbẹ̀rù gbálẹ̀, ọjọ́ tí a bá ń retí àlejò ni í gbá a. Bákan náà ni ó rí nígbà tí ìjọba ológun dá ọjọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ nínú ètò tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WAI. Ilé di mímọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, a kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí etí gọ́tà, òjò rọ̀, ẹrẹ̀ sì padà sílé rẹ̀.

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tí kò gbà pé omi ni ó ń fa sòbìà. Àwọn kan gbà pé iṣan kan tí Ọlọ́run dá mọ́ gbogbo ènìyàn ni, tí ó kàn ń bínú jáde lára ẹlòmíràn. Àwọn kan ní Ṣọ̀pọ̀nná ni ó rán an. Ẹ rò ó wò: bí ènìyàn bá jẹ ẹ̀wà ní òwúrọ̀ tí inú run ún ní ọ̀sán, yóò mú ẹ̀wà. Ta ni yóò mú omi tí ó mu ní èṣí? Omi náà mọ́ gaara lójú, bàbá àti baba ńlá mu ún, ènìyàn mẹ́wàá sì mu nínú ìkòkò kan náà tí ó jẹ́ pé mẹ́ta péré ni sòbìà mú. Bí a bá kàn wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé omi rẹ̀ kò dára, yóò dà bí ẹni pé a bú ìdílé rẹ̀.

Ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ti pinnu pé láti 1981 sí 1990 ni àwọn yóò fi gbìyànjú láti mú omi mímọ́ àti ìmọ́tótó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Ní Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá, àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn bá àwọn ará ìlú jókòó, wọ́n kọ́ wọn, wọ́n sì kọ́ ọ lára wọn. Níbẹ̀ ni a ti ń rán aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi mímu. Ní àgbègbè Ásà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF, sòbìà sì fà sẹ́yìn. Ní Ìlọrin ni a ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ lórí àrùn yìí fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1985. Nígbà tí a wá kà á láti ilé dé ilé ní nǹkan bí 1988, iye àwọn tí sòbìà ń bá jà ní Nàìjíríà lé ní 650,000, ní àbúlé tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Jimmy Carter, tí ó ti jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, mú àjọ rẹ̀, Carter Center, wá ṣe ìrànlọ́wọ́.

Mo rí bí wọ́n ti ń ṣe é pẹ̀lú ojú mi, ní àbúlé mìíràn tí mo ti ń ṣe olùkọ́ nígbà náà. Obìnrin oníṣẹ́ ìlera kan dé. Kò mú ìwé ìtanràn lọ́wọ́, kò wọ kákí. Ìgò funfun ni ó mú. Ó bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n bá òun lọ sí adágún, ó bu omi sínú ìgò náà, ó sì gbé e sókè sí oòrùn. Ó ní kí wọ́n máa wò ó. Wọ́n ń wò. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ìyá àgbà kan rí i pé nǹkan kéékèèké ń fò sókè sódò nínú omi náà. Ó gba ìgò, ó tún wò ó. Ó ní, "Ṣé èyí ni a ti ń mu?" Ẹnikẹ́ni kò fèsì.

Obìnrin oníṣẹ́ ìlera náà kò wàásù. Ó mú aṣọ asẹ́ jáde, ó dì í mọ́ ẹnu ìkòkò, ó da omi sí i, àwọn nǹkan náà sì kù sórí aṣọ. Èmi tí mo ka ìwé ń ronú ọ̀rọ̀ gígùn tí n ó fi ṣe àlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti gba ẹnu mi. Ó ní, "Bí a ti ń sẹ́ ògì náà ni." Ọ̀rọ̀ parí. Kò sí obìnrin Yorùbá tí a gbọ́dọ̀ kọ́ ní asẹ́.

Kì í ṣe aṣọ nìkan ni ó ṣe é. Àbúlé kọ̀ọ̀kan yan ẹni tí yóò máa wo àwọn ènìyàn rẹ̀, tí yóò sì máa ròyìn ní oṣooṣù. Ẹni tí sòbìà bá yọ lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ odò. Ẹlòmíràn ni yóò pọn omi fún un. A fi oògùn tí ń pa kòkòrò sínú àwọn adágún, a gbẹ́ kànga níbi tí owó bá ká a. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí láti 1966 sí 1975, ń lọ láti àbúlé dé àbúlé ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí. Ní oṣù November 2008, ní abúlé Ezza Nkwubor ní Ìpínlẹ̀ Enugu, ni a rí ẹni tí sòbìà mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣọ́ wa fún ọdún díẹ̀ síwájú sí i, ní 2013 ni ó sì jẹ́rìí pé ó ti tán. Ní gbogbo ayé, bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ ènìyàn ni a fojú bù pé sòbìà ń mú lọ́dọọdún ní 1986. Ní 2024, ènìyàn 15 péré ni, ní Chad àti South Sudan. Ẹ má gbàgbé pé a kò rí oògùn rẹ̀ títí a fi ṣe èyí.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí sòbìà gbà wọlé ṣì ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ní òpin ọdún 1970 ni àrùn onígbáméjì wọ Nàìjíríà, láti Èkó, kò sì tíì fi wá sílẹ̀. Ní ọdún 2021 nìkan, ènìyàn 3,604 ni a kà pé ó pa. Ìgbẹ́ tí ó dé inú omi mímu ni ó ń fà á. Ní November 2018 ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọ̀ràn omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a ṣe ìpinnu pé tí yóò bá fi di 2025, kò ní sí ẹni tí yóò máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbangba mọ́. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà oko kọjá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù mọ ibi tí ìpinnu náà dé. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dáradára kan tí a tì pa, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, tí a ń ṣí fún àwọn olùkọ́ àti àlejò, tí àwọn ọmọ sì ń lọ sínú igbó. Àwọn ọmọbìnrin tí ojú ń tì a dúró sí ilé. N kò lè na ìka sí ẹnikẹ́ni, nítorí èmi náà ti fi irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ sí àpò fún ọdún méjì, kí ìyá ọmọ kan tó wá bi mí pé ta ni a kọ́ ilé náà fún.

Ní ọdún 2014, mo lọ ra iṣu ní Ẹdẹ. Ọkùnrin tí ó ń ta iṣu náà tẹjú mọ́ mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, tíṣà." N kò dá a mọ̀ títí ó fi dìde, tí mo rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ká dáadáa. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Mo ti kó ọ̀rọ̀ tí n ó sọ bí mo bá rí i jọ fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n, kò sì sí ọ̀kan tí ó wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Mo nà ọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo pẹ́ dé ni, sà." Ó ní ìwé kẹrin náà ni òun dúró sí, nígbà tí ẹsẹ̀ fi san, àwọn ẹgbẹ́ òun ti lọ jìnnà, ojú sì ti òun.

Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ sí àpò, ó yọ ìwé kan tí ó ti ká sí mẹ́rin. Ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní kí n bá òun kà á, nítorí pé ẹni tí ó máa ń kà á fún òun kò sí nílé. Mo ka máàkì ìṣirò fún un, mo ka ti Yorùbá, mo ka ohun tí olùkọ́ kọ sí ìsàlẹ̀. Ó ní kí n ka ti òkè náà. Mo kà á: iye ìgbà tí a ṣí ilé-ẹ̀kọ́, 118, iye ìgbà tí ọmọ wá, 118. Ó ní kí n tún un kà.